Igi Bẹ̀rẹ̀fúùtù Ìyá Taofeek ní Ìbà

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì kọjá sí Ìbà ní ọdún méjì sẹ́yìn á ti rí oko Ìyá Taofeek, kódà bí kò mọ̀ pé oko ni. Kò jọ oko. Kò sí ebè níbẹ̀, kò sí ẹni tó lóṣòó tó ń tu koríko. Ewúro ló yí i ká bí ọgbà. Ẹ̀fọ́ Ìyànà-Ìpájà ga ju èèyàn lọ láàárín rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lápá ibi tí omi máa ń dúró sí, ìbẹ́pẹ mẹ́fà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, igi bẹ̀rẹ̀fúùtù kan ṣoṣo sì dúró sáàárín gbogbo wọn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ta ló ni igbó yẹn. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé igbó tó ń bọ́ èèyàn kì í ṣe igbó, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

Inú ilé kan náà ni èmi àti Ìyá Taofeek ń gbé ní Òkokomaikò, ilé oníyàrá mẹ́jọ tí gbogbo wa ń fa omi nínú kànga kan. Mùsítúrà ni orúkọ wọn, Àpèkẹ́ ni oríkì wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Ọkọ wọn ti kú kí n tó mọ̀ wọ́n. Taofeek, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń fi ọkọ̀ kó ẹrù ní Ìsẹ́yìn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, yàrá méjì ni gbogbo wọn sì wà. Gbogbo ìgbà ló ń ní kí ìyá òun máa bọ̀ nílé, gbogbo ìgbà ni Ìyá Taofeek ń sọ pé àwọn ń bọ̀, wọn kì í sì í lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń jẹun ìyàwó ọmọ, kó tó sọ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, á kọ́kọ́ wo ojú. Èmi Bùsọ́lá, mò ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìyànà-Ìbà. Ẹnu mi mú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi náà mọ̀. Ìyá Taofeek gbìyànjú títí láti kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dákẹ́, ẹ̀kọ́ náà ò wọlé.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí kì í ṣe tiwọn. Bàbá Àsánì ló ni ín, olórí ẹbí kan ní Ìbà. Ọmọ onílẹ̀ ni Bàbá Àsánì, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń fi igi lé ẹni tó ń kọ́lé. Nígbà tí Ìyá Taofeek kọ́kọ́ tọ̀ wọ́n lọ, lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, ohun tí Bàbá sọ ò ju gbólóhùn méjì lọ: kí wọ́n máa gbin ohun tí òjò bá mú wá tí ẹ̀ẹ̀rùn á sì mú lọ, kí wọ́n má gbin igi. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àlejò lè gbin ẹ̀fọ́, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, àmọ́ igi jẹ́ ti onílẹ̀, torí bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délẹ̀, igi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó bi àwọn èèyàn. Ẹni tó gbin igi ti sọ pé òun ò lọ mọ́. Bàbá ò gba kọ́bọ̀. Bí àgbàdo bá ti gbó lọ́dún, Ìyá Taofeek á ru apẹ̀rẹ̀ kan lọ fún wọn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ ilẹ̀, Bàbá á sì ní kí wọ́n máa lò ó lọ. Ìṣákọ́lẹ̀ wọn nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún ogún ọdún. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú. Wọ́n á kọ ilẹ̀, wọ́n á fún irúgbìn, wọ́n á pọn omi, wọ́n á fà á tu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìlóṣòó ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà tó yá, orúnkún wọn kọ̀. Ó wú, kò ká mọ́, nọ́ọ̀sì kan sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún ń lóṣòó, wọn ò ní rìn mọ́. Mo ṣì rántí bí wọ́n ṣe jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Bùsọ́lá," wọ́n ní, "oṣooṣù ni ẹ̀fọ́ yìí ń kú, èmi ni mò ń jí i. Ta ló máa wá jí èmi?"



Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí asalátù ló mú igi ẹ̀fọ́ Ìyànà-Ìpájà márùn-ún wá fún wọn láti Ìjanikin. Ẹ mọ ẹ̀fọ́ yẹn. Èèyàn á kàn ki igi rẹ̀ bọ ilẹ̀ ni, ó tán. Bó o bá gé e lónìí, á rúwé lọ́tùn-ún, á rúwé lósì, ìdúró lèèyàn sì ti ń já a. Ìyá Taofeek ki márùn-ún bọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lọ́dún kejì ó ti di ogójì. Wọ́n fi ewúro kún un, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un, torí bí ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i bí ara wọn ṣe ń tù wọ́n. Wọ́n á fi igi kan tẹ̀lẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á gé ewé kún àpò lórí ìdúró, wọ́n á sì gbé e fún àwọn tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ní gbogbo ayé àwọn làwọn ti fi ń sin irúgbìn, ìsinsìnyí ni irúgbìn ń sin àwọn.

Ewé ni gbogbo ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò wí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ igi dé ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo lọ já ewúro lóko, tí Bàbá Àsánì náà sì wá. Wọ́n máa ń wá. Ìyàwó Bàbá ti kú, àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí Àjàngbàdì, ilé sì dá. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn àti Ìyá Taofeek á máa sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ẹran ara tó ń dunni. Lọ́jọ́ náà Bàbá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó wọn. Ọmọ Ifẹ̀ ni, wọ́n ní ó máa ń gún iyán bẹ̀rẹ̀fúùtù, èso orí igi tó ń dà bí iṣu bí wọ́n bá sè é, wọ́n sì ní láti ọjọ́ tó ti kú, àwọn ò tíì fi ẹnu kàn án.

Ìyá Taofeek rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí kì í bá ṣe pé ẹ ò fẹ́ kí àlejò gbin igi, mo lè bá yín wá ọmọ rẹ̀."

Bàbá wo oko náà yí ká. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹni ogún ọdún kì í ṣe àlejò mọ́, Àpèkẹ́. Gbìn ín. Gbin ìbẹ́pẹ náà bó o bá fẹ́. Mo yọ̀ǹda ẹ̀. Bùsọ́lá ń gbọ́."

Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ igi náà dé láti Ifẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá fúnra wọn ló gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi tí wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀, torí wọ́n ní mò ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń họ ara.

Ní ọ̀nà ilé ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n tẹ ìwé kan. Ìlà mẹ́rin péré, kí Bàbá sáìn ín, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. A ò mọ ọ̀la."

Ìyá Taofeek dúró lójú títì. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo tutọ́ sí wọn lára. "Kí n gbé ìwé fún àgbàlagbà ẹni àádọ́rùn-ún ọdún pé kó sáìn ohun tí mo fẹ́ jẹ lẹ́yìn ikú ẹ̀? Ṣé mò ń ka ọjọ́ fún un ni? Bùsọ́lá, má stress mi."

Ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ bó ti wù kó rí. Kọ̀ǹpútà mi ni, pépà mi ni, ẹnu mi tó mú nílé ọkọ ò mú lọ́jọ́ náà. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà kí ló dé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo gbà pẹ̀lú wọn. Wọ́n tọ́ wa pé ẹni tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, ikú àgbà náà ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ìwà ọmọlúàbí ló kó bá wa.

Ọdún márùn-ún kọjá kí igi náà tó so. Èso àkọ́kọ́, Bàbá Àsánì ni wọ́n gbé e lọ fún. Èmi ni mo gún un, nítorí orúnkún. Bàbá jẹ ẹ́, wọ́n ń sunkún, wọn ò sì fi pa mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ìyàwó àwọn ni. Ìyá Taofeek náà ń nu ojú. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé bí mo bá dàgbà, irú ọgbà yìí ni kí Ọlọ́run jẹ́ kí n ní, àti irú ọ̀rẹ́ yìí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á bi Ìyá Taofeek pé ṣé ìyàwó àwọn ti ti ọjà dé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Ìyá Taofeek wò mí, mo wò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kò tíì dé, Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa dúró dè é." Ìyá Taofeek á bá wọn dúró títí ọkàn wọn á fi kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ míì ara Bàbá á dá, wọ́n á sì rántí orúkọ ẹni tí wọ́n bá ṣeré ní kékeré. Àwọn ọmọ wọn ò mọ̀. Ìgbà tí ìpàdé ẹbí bá wà nìkan ni wọ́n ń wá, Bàbá á sì jókòó sórí àga, wọ́n á mi orí, wọ́n á ṣe àdúrà. Àdúrà ò fìgbà kan sá kúrò lẹ́nu wọn. Ìyá Taofeek kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà.

Kọ́láwọlé ni àkọ́bí Bàbá. Ó jù mí lọ dáadáa, àmọ́ inú ń bí mi sí i, mi ò ní pè é ní "wọn" nínú ìtàn yìí. Ó mú àwọn kan wá wo ilẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì bi í pé ta ló ni igi. Ó ní àwọn ni. Ọkùnrin náà ní ìyá kan ni àwọn bá tó ń ká a. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìpàdé nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pè wá. Mo bá Ìyá Taofeek lọ. Àwọn ọmọ Bàbá jókòó yí ká àgbàlá, Bàbá wà lórí àga ní àárín, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n sì gbayì. Kọ́láwọlé ò pariwo. Ó kí wa dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

"Ìyá, no vex," ó ní. "A ò ní kẹ́ ẹ má dáko. Àmọ́ igi lẹ gbìn sórí family land. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Lọ́la, Taofeek á wá sọ pé ilẹ̀ ìyá òun ni. Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Bàbá ni," Ìyá Taofeek dáhùn. Wọn ò bẹ̀rù rárá. "Bàbá ló gbẹ́ ihò ẹ̀. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Bàbá wo Ìyá Taofeek. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí ojú náà. Ojú tí èèyàn fi ń wo ẹni tó kí i lọ́nà ni, tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì fẹ́ dójú tì í. Lẹ́yìn náà Bàbá gbóhùn sókè, ohùn olórí ẹbí, ó mọ́ gaara.

"Nínú ilé yìí, àlejò kì í gbin igi. Bàbá mi ò gbà á, èmi náà ò gbà á. Kí ẹni tó gbìn ín wú u."

Mo dìde. Mo ti la ẹnu, mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, pé mo wà níbẹ̀, pé orí Bàbá ò pé mọ́, kí wọ́n bi wọ́n bóyá ìyàwó wọn ti ti ọjà dé. Ìyá Taofeek di ọwọ́ mi mú. Wọ́n fún un débi pé ó wú lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n fi orúnkún tí kò ṣeé ká yẹn kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Èmi ni mo gbìn ín," wọ́n ní. "Mo ṣì í ṣe, Bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n gbàdúrà fún wọn. Kọ́láwọlé dá ọjọ́ márùn-ún, ó ní kí gbogbo ohun tó bá ń kọjá ọdún kan lórí ilẹ̀ ti kúrò, títí kan ewúro. Ó tún ní ilẹ̀ ṣì wà o, kí Ìyá máa gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú rere ló pè é. Ẹsẹ̀ tí kò lè lóṣòó ló ń yá nílẹ̀.

Èmi ni mo gbé wọn dìde. Ibùdókọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mi ò sì lè dúró. Mo ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ sí àgbàlagbà. Mo ní ọ̀rọ̀ kan péré, tí wọ́n bá jẹ́ kí n sọ ọ́, oko wọn á wà níbẹ̀.

"Mo mọ̀," wọ́n ní.

"Kí ló wá dé tí ẹ dì mí lọ́wọ́?"

"Bó o bá sọ ọ́, oko á wà. Àmọ́ láti òní lọ, wọn ò ní bi Bàbá ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kọjá lórí ẹ̀ bí ọmọ jòjòló. Ọkùnrin tó gbà mí nígbà tí ẹbí ọkọ lé mi. Ẹyin lohùn, Bùsọ́lá. Mi ò lè jẹ́ kí tèmi bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀."

Mo sunkún dé ilé. Ìyá Taofeek ò sunkún.

Wọ́n ti gbà pé ẹni tó gbìn ín ni yóò gé e, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀fúùtù. Mo ti ìsọ̀ mi pa, mo bá wọn gé ewúro, mo gé ìbẹ́pẹ, mo wú ẹ̀fọ́ Ìyànà-Ìpájà tegbòtegbò, ọwọ́ mi bó. Ìyá Taofeek gbé àpótí sí ìdí igi wọn, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń fi àdá sá a díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Èso mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀, kò sí èyí tó gbó. Oje funfun ń ṣàn sí wọn lọ́wọ́, ó ń lẹ̀, wọn ò nù ún. Nígbà tó ṣubú, wọ́n ní kí n bá wọn ká èso náà jọ kí ewúrẹ́ tó dé. Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ fi èso tútù ṣe. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Taofeek wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹrù wọn ò kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n fi ìkòkò wọn fún mi, wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ní ìkòkò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Kọ́láwọlé wọ ìsọ̀ mi. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Ó mú pépà kan dání tó fi bírò kọ, ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo kà á. Ìwé pé àwọn ọmọ Àsánì ti gba ipò olórí ẹbí kúrò lọ́wọ́ bàbá wọn nítorí àìlera ọpọlọ. Ó ní wọ́n wá Bàbá fún odidi ọjọ́ kan, Àjàngbàdì ni wọ́n ti rí wọn, wọ́n ń bi àwọn èèyàn pé ọ̀nà ilé wọn dà. Wọn ò dá òun mọ̀ mọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sí ojú mi, ó sì dá mi mọ̀.

"Ìyá yẹn," ó ní. "Ṣé Bàbá fún wọn láṣẹ lóòótọ́?"

Kò sí ohun tí mo tún ń pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ihò tí Bàbá gbẹ́ dé orí ìdí tí Ìyá Taofeek fi kúnlẹ̀, mi ò sì bu omi là á. Mo fẹ́ kó dùn ún. Ó dùn ún. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun pè wọ́n.

Mo pè wọ́n, mo ṣí ohùn fóònù síta.

"Ìyá, Kọ́láwọlé ni, ọmọ Bàbá Àsánì. A ti gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ dákun, ẹ forí jì wá. Ẹ padà wá. Gbogbo ohun tó bá wù yín, ẹ gbìn ín, màá kọ ọ́ sínú ìwé fún yín lónìí."

Ohùn ọmọdé wà lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń fọ abọ́.

"Ẹ ṣeun," wọ́n ní. "Ká ní àgbàdo ni mo gbìn ni, ǹ bá padà wá bí òjò bá ti rọ̀. Àmọ́ ọdún márùn-ún ni igi yẹn gbà lọ́wọ́ mi kó tó so, Kọ́láwọlé. Mo ti lé ní àádọ́rin. Níbo ni kí n ti mú ọdún márùn-ún míì wá?"

Wọ́n wá béèrè bóyá Bàbá ń jẹun. Kọ́láwọlé ní wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Taofeek ní kí àwọn ọmọ má máa kánjú fún Bàbá, kí wọ́n má sì máa já wọn ní koro bí Bàbá bá béèrè ìyàwó wọn, kí wọ́n ní kò tíì dé láti ọjà. Lẹ́yìn náà wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n sì pa fóònù.

Ó ku ìwé tí Kọ́láwọlé mú wá. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un, ẹ̀dà mẹ́ta.